Dúpẹ́, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kà á

Ìbàdàn

Dúpẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ọmọ wà? Bàbá wọn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí tí o béèrè, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn dárúkọ iṣẹ́ ẹnì kan nínú àpilẹ̀kọ tiwọn, kọjá ohun tí a lè yanjú lórí fóònù, ló jẹ́ kí n kúkú kọ lẹ́tà. O ní o rí iye ìtọ́kasí gọbọi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n tó lọ máa ṣèwádìí jẹjẹrẹ ọmú ní Chicago, o sì fẹ́ mọ ohun tí iye náà ń sọ gan-an.

Kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kà á. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sábà ń ka ìtọ́kasí: Web of Science, Scopus àti Google Scholar. Méjì àkọ́kọ́ máa ń ṣa jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tẹ ìwádìí jáde sí, kí wọ́n tó kà á. Google Scholar ní tirẹ̀, ohun tó bá ti bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kó: ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye tirẹ̀ fi sábà máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá mú iye Scholar ẹnì kan wé iye Scopus ẹlòmíràn, kóńgò ló fi wọn gààrí ẹni àkọ́kọ́, tó wá fi ife wọn ti èkejì.

Orúkọ náà a máa da nǹkan rú. "Olopade OI" ni wọ́n ń kọ fún Màmá yìí, ṣùgbọ́n ọkọ wọn, Sola Olopade, náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago kan náà. "Olopade CO" ni tiwọn. Dókítà ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n, wọ́n sì ti ṣèwádìí èéfín ìdáná láàárín àwọn aboyún n'Ìbàdàn. Tẹ "Olopade" lásán, kí o wo bí sítóòfù ṣe máa dà pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ. Nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí tó ní díjíìtì 16, ló ń gbani lọ́wọ́ èyí, bí olùwádìí bá ń tọ́jú tirẹ̀ dáadáa.

Ní ti h-index, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló gbé e jáde ní 2005. Bí h-index ẹnì kan bá jẹ́ 4, ó ní àpilẹ̀kọ mẹ́rin tí ìtọ́kasí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 4, ó kéré tán. To àwọn àpilẹ̀kọ láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù, kí o máa kà wálẹ̀. Ká ní 90, 40, 12, 5, 4 àti 1 ni: ìkẹrin ní 5, ó tó 4, ìkarùn-ún ní 4, kò tó 5. h-index rẹ̀ di 4 nìyẹn. Bí 90 yẹn bá di 9,000, 4 náà ni yóò ṣì máa jẹ́! Àgbà ló sì ń gbè, torí pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń ga sí i.

Kì í ṣe gbogbo ìtọ́kasí ló wúwo bákan náà. Àpilẹ̀kọ ìṣirò jẹjẹrẹ lágbàáyé ti 2020 ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ìtọ́kasí, torí pé ẹni tó bá fẹ́ fi "jẹjẹrẹ ń pa ènìyàn púpọ̀" bẹ̀rẹ̀ ìwé, ibẹ̀ ló ń sá lọ. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí orúkọ inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún náà wà. Odindi iye ni wọ́n ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi dánra wò ni àpilẹ̀kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti 2018 nínú Journal of Clinical Oncology. Obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú àti 997 tí kò ní in, lágbègbè Ìbàdàn, ni wọ́n yẹ jíìnì wọn wò. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, 14.7 ló ní àbùkù àjogúnbá. Jíìnì BRCA1 nìkan kó 7 nínú rẹ̀. Yonglan Zheng ni orúkọ àkọ́kọ́, ipò ẹni tó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ jù. Olopade ló gbẹ̀yìn, ipò olórí iṣẹ́.

Lórí Google Scholar, tẹ "Cited by" lábẹ́ rẹ̀ kí o rí àwọn tó tọ́ka sí i, mú ogún àpilẹ̀kọ, kí o wá gbólóhùn tí Zheng ti jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìfáàrà ni, tí wọ́n tò ó mọ́ márùn-ún mìíràn, ìkíni ojú ọ̀nà ni. Bí wọ́n bá fi iye rẹ̀ ṣe ìṣirò tiwọn, tàbí wọ́n fi í gbe ìmọ̀ràn lẹ́sẹ̀ nípa ẹni tó yẹ kó ṣàyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn ni kí o kọ sílẹ̀. Èyí tí Olopade fúnra wọn bá wà lára àwọn tó kọ ọ́, yà á sọ́tọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ti àná, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí ará ìta.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú kíkà yìí ni pé ọ̀pọ̀ jọ́nà tí àwọn dókítà wa nílé ń kọ sí kò sí nínú Web of Science. Nọ́ọ̀sì tó ń fi irú àbájáde jíìnì yìí gba àbúrò aláìsàn níyànjú kò sì kọ àpilẹ̀kọ kankan, nítorí náà ìlò tirẹ̀ kò sí nínú iye náà.

Bí o bá ti ṣe ogún yẹn tán, kọ ohun tí o rí ránṣẹ́. Má gbàgbé láti kọ ọjọ́ tí o wò ó àti ibi tí o ti wò ó, torí iye náà lè ti yí kí èsì rẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Bísí