Ẹ ka ìwé dáyárì téṣàn kí ẹ tó ra mọ́tò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé kí ìjọba Èkìtì ra mọ́tò pátíróòlù sí i fún àwọn ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wọn, torí iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo fi tọ́ ọmọ. Àmọ́ tí mọ́tò náà bá dé, ibo ló ń lọ? Ta ló ti jókòó ka ibi tí ọ̀ràn ti ń ṣẹ̀ jù?

Ìwòrókò ni ilé mi wà, nítòsí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé mi. Tí àkókò àtikọ iṣẹ́ àṣekágbá bá tó, wọ́n á gbé ìwé ìbéèrè wá bá mi: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa máàkì ẹ̀.” Ǹjẹ́ ará ìlú fọkàn tán ọlọ́pàá? Ǹjẹ́ owó oṣù ọlọ́pàá tó? Mo ti máàkì títí mo fi mọ ìbéèrè náà sórí. Ẹni tí n kò tíì rí ni èyí tó padà wá sọ fún èmi tàbí fún téṣàn kankan pé, “Ohun tí a rí nìyí o.” Wọ́n á di ìwé náà ní ẹ̀yìn líle, olùkọ́ á fún wọn ní máàkì, ó parí nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn ló ka ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1972 sí 1973, fún mi. Wọ́n pín àgbègbè ìṣọ́ 15 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní márùn-ún àkọ́kọ́, mọ́tò ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́, àfi tí ẹnìkan bá pè wọ́n. Ní márùn-ún kejì, wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní márùn-ún tó kù, wọ́n sọ mọ́tò di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n kà á, olè kò pọ̀ sí i níbi tí mọ́tò kò sí, kò sì dín kù níbi tó pọ̀. Ẹ̀rù tó ń ba ará ìlú kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà! Mo ní kí ọmọ náà tún un kà. Èmi náà ti jókòó sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, ní Adó-Èkìtì, láti Fájuyì dé Bàṣírí, láti Bàṣírí padà sí Fájuyì, tí epo ń jó, tí a gbà pé olè ń rí wa, ó ń sá.

Lẹ́yìn náà ni Lawrence Sherman, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo ìpè tó wọlé sọ́dọ̀ ọlọ́pàá Minneapolis, ní Amẹ́ríkà náà, láàárín ọdún kan. Nǹkan bí ojúlé 3 nínú 100 péré ni ìdajì ìpè náà ti wá. Ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé tí ọlọ́pàá bá dúró níbi tó gbóná bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ibẹ̀ á pa rọ́rọ́ pẹ́ ju ìgbà tó kàn gba ibẹ̀ kọjá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní ká gbé ti òyìnbó ka orí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà jáde, Liberia àti Uganda wà nínú wọn. Ètò kí ọlọ́pàá máa bá ará àdúgbò ṣe ìpàdé, èyí tí gbogbo òṣèlú ń pariwo, kò dín ìwà ọ̀daràn kù níbẹ̀. Ní Ghana, ìjọba sọ owó oṣù ọlọ́pàá di ìlọ́po méjì ní 2010. Owó tí ọlọ́pàá ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tírélà lójú ọ̀nà tún wá lọ sókè. (Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ kò ní í kí mi mọ́ tí wọ́n bá ka èyí.)

Tiwa la ó kà, ó sì ti wà nílẹ̀. Kò sí téṣàn tí kò ní ìwé dáyárì. Ẹni tó wà ní káńtà ló ń kọ ọ́: aago, orúkọ, ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀, ohun tí wọ́n jí. Mo kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo kọ ti ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá olóko, mo kọ ti ọkadà tí wọ́n gbà lóru. Tí ó bá kún, a ó gbé e sí yàrá ẹ̀yìn fún eku. Ẹni tó bá pẹ́ ní káńtà mọ ilé ọtí àti páàkì tí orúkọ wọn kì í wọ́n nínú rẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Àmọ́ tí wọ́n bá tiránsífà rẹ̀, ó gbé ìmọ̀ náà lọ nìyẹn. Ẹni tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá àti àwọn olórí ẹ̀ka ní yunifásítì: ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ̀wé lórí ọlọ́pàá gba dáyárì àtijọ́ téṣàn kan. Kí wọ́n bo orúkọ àwọn ènìyàn, pàápàá ti obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n fi ipá bá lò. Kó ka iye ìgbà tí ọ̀ràn ṣẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan àti ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. Kó kọ ohun tó rí sí ojú ìwé méjì tí kọ́sítébù lè kà, kó wá kà á ní pàréèdì àárọ̀. Kí DPO, ọ̀gá téṣàn, fi ọlọ́pàá sí ibi tí ìwé náà tọ́ka sí ní apá kan ìlú, kó fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n tún kà á lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Mo mọ̀ pé kíkà yìí kò ní í yanjú ti inú igbó. Àwọn tó pa ọba méjì àti àwọn tó jí àwọn ọmọ ilé-ìwé Emùrè gbé ní Èkìtì níbí ní oṣù kìíní 2024 kì í ṣe aláriwo ilé ọtí, ọgbọ́n mìíràn ni tiwọn ń fẹ́.

Àwọn kan á ní àṣírí ìjọba ni dáyárì. Àṣírí tí eku ń jẹ!

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọwọ́ ìkọ̀wé wa kò ṣeé kà fún àlejò, a sì máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá gbà láyè kó wá bá mi, màá bá a tú u. N kò ní í gba kọ́bọ̀. Owó ilé nìkan ni mo ń gbà.

Èmi ni,
Ínsípẹ́kítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìwòrókò-Èkìtì