Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ tó ń lọ kàwé ní Japan

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Físà rẹ ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì sì ti wà nílẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ sọ lórí fóònù, torí mo fẹ́ kí o lè tún un kà nígbà tí o bá débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, àti ti àwọn tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn nìkan ló ni ilẹ̀ náà. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lo máa lò níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fín ọ níràn, tí ẹni tí o kò mọ̀ rí á sì sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ò ń wá kó tó padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó máa gbà ọ́ ni pé kí o mọ èyí tó jẹ́ òfin, èyí tó jẹ́ àṣà, àti èyí tó jẹ́ ìkórìíra. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóhùn.

Má rò pé àwọ̀ dúdú nìkan ló ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ ni òfin Japan fi ń mọ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ àjèjì, àjèjì lòun náà, ì báà jẹ́ àárín gbùngbùn Tokyo ni wọ́n bí i sí. Wo àwọn ará Kòríà tó wà níbẹ̀. Japan gba Kòríà ní ọdún 1910, ó sì ṣàkóso rẹ̀ títí di 1945. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lọ ṣiṣẹ́ ní Japan lásìkò náà, àwọn kan fúnra wọn, àwọn kan tipátipá. Ní 1952, ìjọba kéde pé wọn kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn kò sọ èdè míì ju ti Japan lọ, ojú wọn ò sì yàtọ̀, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn ṣì ń fi orúkọ Japan bo orúkọ Kòríà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè rí iṣẹ́ tàbí ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Tokyo àti Yokohama ní 1 September 1923, àhesọ jáde pé àwọn ará Kòríà ń da májèlé sínú kànga. Aráàlú, ọlọ́pàá àti sójà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Mo ní kí o mọ èyí kí o má baà jókòó sínú yàrá kan kí o máa rò pé ìwọ nìkan ni wọ́n dájú sọ, àti kí o lè mọ ohun tí àhesọ máa ń ṣe níbẹ̀.

Torí àhesọ ti kan àwa náà. Ní August 2025, níbi ìpàdé Japan àti Áfíríkà ní Yokohama, JICA, iléeṣẹ́ ìjọba Japan tó ń ràn orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́, so ìlú mẹ́rin pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Áfíríkà. Kisarazu ni wọ́n so mọ́ Nàìjíríà, Nagai mọ́ Tanzania, Sanjo mọ́ Gánà, Imabari mọ́ Mozambique. Ètò pàṣípààrọ̀ lásán ni, kò sí físà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìjọba ti gbé ìwé jáde pé Japan máa dá físà àkànṣe sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Irọ́ ni. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí fóònù àti lẹ́tà ìbínú fi bo àwọn ọ́fíìsì ìlú yẹn, táwọn kan ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti gbé Kisarazu fún aláwọ̀ dúdú. Ìjọba Japan sọ pé kò sóhun tó jọ ọ́, ọ̀pọ̀ ò gbọ́. Ní 25 September, JICA fagi lé gbogbo ètò náà. Má gbàgbé pé ní July ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú Sanseito, tó ń sọ pé ọmọ Japan ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, gba àga 14 ní ilé aṣòfin àgbà.

Nítorí náà, wọ́n lè bi ọ́ léèrè, ní kíláàsì tàbí nídìí iṣẹ́, bóyá físà Kisarazu lo fi wọlé. Má jiyàn, má sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Sọ pé “Ryūgakusei desu”, ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ, kí o dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ti mọ̀ nìyẹn, ẹni tó fẹ́ jà kò sì rí ibi dì mú.

Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé bí o bá ti mọ èdè wọn tí o sì mọ ìwà hù, gbogbo rẹ̀ á dópin, rántí Rui Hachimura. Toyama ni wọ́n bí i sí, ọmọ Japan ni ìyá rẹ̀, ará Bẹ̀nẹ̀ tó múlé gbè wá ni bàbá rẹ̀. Ó ń gba bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní NBA, òun ló sì wà lára àwọn méjì tó gbé àsíá Japan níbi ìṣíde Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Lọ́dún yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ fi èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i hàn fáyé, tí Rui sì ní ojoojúmọ́ ni irú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wọlé. Kọ́ èdè náà dáadáa, ó máa ṣe ọ́ láǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣì fi àbùkù kàn ọ́ lẹ́yìn tí o gbọ́ ọ yékéyéké, má wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nínú ara rẹ.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló gùn jù. Ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n máa fún ọ ní káàdì tí wọ́n ń pè ní zairyu, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ àjèjì tó ń gbé níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14 tí o bá ti rí ilé, gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìlú tí ò ń gbé kí wọ́n kọ àdírẹ́sì rẹ sẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá kó kúrò, ọjọ́ 14 náà ni. Káàdì yìí kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ, kódà bí o bá fẹ́ ra omi ní ìsàlẹ̀ ilé. Bí wọ́n bá bá ọ láìsí i lára rẹ, ìtanràn lè tó 200,000 yẹ́ẹ̀nì. Bí o bá kọ̀ láti fi hàn ọlọ́pàá tó bèèrè rẹ̀ lọ́nà òfin, ẹ̀wọ̀n lè wọ̀ ọ́. Bí káàdì bá ti wà lára rẹ, fi páásípọ́ọ̀tù sílé.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. O ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu géètì ibùdó rélùwéè, àpò wà lẹ́yìn rẹ. Ọlọ́pàá méjì sún mọ́ ọ, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní kí o jọ̀ọ́, ṣé o ní zairyu lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ, kò sí ẹlòmíì tí wọ́n dá dúró. Dúró. Má fi ọwọ́ sápò lójijì. Sọ ohun tí o fẹ́ mú kí o tó mú un. Lábẹ́ òfin tó de iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi fura kó tó dá èèyàn dúró, nítorí náà o lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé “Riyū wa nan desu ka?”, ìyẹn ni pé kí ló dé. O tún lè ní kó fi ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ hàn ọ́. Lẹ́yìn náà fi káàdì hàn án. Wọ́n á wo nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sínú rédíò, ẹ máa dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yẹ àpò wò, ìyọ̀ǹda rẹ ni wọ́n ń tọrọ, o lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n rárá náà lè di ìdúró wákàtí kan, àwọn míì á sì tún dé, torí náà fúnra rẹ wò ó bóyá ọjọ́ yẹn gba bẹ́ẹ̀. Má gbé ọ̀bẹ sínú àpò láéláé. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, láìsí ìdí gidi, ẹ̀ṣẹ̀ ni, àwọn kéékèèké náà sì lè kó bá ọ.

Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ pé o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o ti ọwọ́ ọlọ́pàá kúrò lára rẹ tàbí kí o fẹ́ gba káàdì padà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lè pe ìyẹn ní dídí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì mú ọ. Bí wọ́n bá sì ti mú èèyàn, wọ́n lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ 23 kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni kí o béèrè: ògbufọ̀, lọ́yà tí wọ́n ń pè ní “tōban bengoshi”, tí ìbẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, àti pé kí wọ́n sọ fún ẹ́ḿbásì Nàìjíríà. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò lè kà. Òfin fún ọ láyè láti dákẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń ráhùn. Ní December 2021, ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Tokyo kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ọlọ́pàá ń dá àjèjì dúró nítorí ìrísí wọn. Ní January 2024, ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n bí sí òkèèrè gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti di ọmọ Japan. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, gbàrà tí wọ́n bá lọ ni kí o kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ibùdó, tésàn tí wọ́n ti wá, àti ohun tí wọ́n sọ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ilé wíwá máa dùn ọ́ ju ti ọlọ́pàá lọ, torí ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ́jẹ́ǹtì á fi ìjókòó lọ̀ ọ́, á gbé tíì fún ọ, á pe onílé ní ojú rẹ, o máa gbọ́ tó ń sọ pé àjèjì ni, pé ó gbọ́ èdè o, á gbé fóònù sílẹ̀, á sì ní kí o má bínú. Nínú ìwádìí tí ìjọba wọn gbé jáde ní 2017, nǹkan bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá lára àwọn àjèjì tó wá ilé ló sọ pé wọ́n kọ àwọn torí pé àwọn jẹ́ àjèjì. Má lọ bá ẹ́jẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Bẹ̀rẹ̀ láti họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì, kí o sì bèèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ. Wo ilé UR pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ilé tí iléeṣẹ́ ìjọba kan fi ń háyà: wọn kì í gba owó ẹ̀bùn onílé, wọn kì í gba owó ẹ́jẹ́ǹtì, wọn kì í sì bèèrè onígbọ̀wọ́, àmọ́ wọ́n máa fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún ọ. Ní ilé aládàáni, ṣírò oṣù márùn-ún sílẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ 60,000 yẹ́ẹ̀nì lóṣù, owó oṣù àkọ́kọ́, kọ́ṣọ̀n, owó ẹ̀bùn onílé tí kò ní padà, owó ẹ́jẹ́ǹtì àti owó iléeṣẹ́ onígbọ̀wọ́ lè sún mọ́ 300,000. Ọjọ́ tí o bá wọlé, ya fọ́tò gbogbo ògiri àti ilẹ̀, torí ìgbà tí o bá ń jáde ni wọ́n máa yọ nínú kọ́ṣọ̀n.

O lè rí ilé ọtí tàbí ibi ìwẹ̀ tí wọ́n kọ “Japanese Only” sí lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí òfin kan ní Japan tó fi ìyà jẹ onílé ìtajà nítorí èyí. Òfin 2016 tó lòdì sí ọ̀rọ̀ ìkórìíra kò ní ìjìyà nínú. Ìlú Kawasaki ló ṣe tirẹ̀ tí ìtanràn rẹ̀ lè tó 500,000 yẹ́ẹ̀nì fún ẹni tí wọ́n bá kìlọ̀ fún tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wà. Ní 1999, obìnrin ará Brazil kan jàre ní Hamamatsu lórí ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ tó lé e jáde. Ní 2002, ilé ẹjọ́ Sapporo ní kí ibi ìwẹ̀ kan ní Otaru san mílíọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ̀ fún. Torí náà, má bá wọn jà lẹ́nu ọ̀nà. Ya fọ́tò àkọlé náà, tọ́jú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìdájọ́ wọn ní fóònù fún àjèjì, 0570-090911, Houterasu tó ń ṣètò lọ́yà sì wà ní 0570-078377.

Ní ti iṣẹ́, wákàtí 28 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, mẹ́jọ lóòjọ́ nígbà ìsinmi gígùn, ìyẹn lẹ́yìn tí o bá ti gba àyè rẹ̀. Ilé ọtí tí wọ́n ti ń gba obìnrin láti jókòó ti oníbàárà, àti ilé tẹ́tẹ́, kò sí nínú rẹ̀, kódà kó jẹ́ àwo ni o ń fọ̀ níbẹ̀. Má jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà kankan tàn ọ́ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, torí ẹni tó bá rú òfin yìí lè dèrò àtìmọ́lé ìmígíréṣọ̀n. Ní June 2019, ọmọ Nàìjíríà kan kú sí àtìmọ́lé ìmígíréṣọ̀n ní Ōmura lẹ́yìn tó kọ oúnjẹ. Òfin kò dá iye oṣù tí wọ́n lè fi èèyàn síbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sílé.

Ó tún ku ọ̀kan, èyí ló sì kan ìwà tìrẹ. Àwa náà máa ń pe gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ jọra ní Ṣáínà, a sì ń sín èdè wọn jẹ. Má gbé e débẹ̀. Ẹlòmíì á fẹ́ bá ọ ṣọ̀rẹ́ nípa bíbú ará Ṣáínà tàbí ará Kòríà sí ọ létí. Má bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà àti Kòríà náà ní ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn tó gbóná, ọ̀rọ̀ erékùṣù tí Japan àti Kòríà ń jà sí, ọ̀rọ̀ ojúbọ Yasukuni tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn tó kú sójú ogun fún Japan, àti àsíá oníràn-oòrùn tí àwọn ọmọ ogun Japan gbé nígbà náà, lè da yàrá rú. Gbígbọ́ ni tìrẹ níbẹ̀. Má sì rò pé Japan ló burú jù: ní April 2020, ní Guangzhou, wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, kúrò nílé àti hòtẹ́ẹ̀lì nítorí kòrónà.

Lọ́jọ́ tí o bá gba káàdì náà, ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́fíìsì àjèjì ní yunifásítì rẹ. Tún ya ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ àdírẹ́sì sí i.

Ìyá rẹ