Ẹ̀bùn Lọ́tọ̀, Ìwà Lọ́tọ̀: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Jiyàn Lórí Travis Hunter

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Mo kí yín ní Houston, mo kí yín ní Maryland àti ní Peckham. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, tí ẹ ń ṣàìsùn lóru Sátidé nítorí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Iyàn tí ẹ ń jà lórí Travis Hunter, ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú tó sì tún ń dènà, ti dé etí àwa àgbà. Ẹnìkan á ní irú rẹ̀ ò tíì délé ayé rí, ẹlòmíràn á ní ariwo Deion Sanders, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní yunifásítì, ló gbé e ga, kó tó pẹ́ ẹnìkẹta á ti mẹ́nu ba ìyàwó rẹ̀, ni iyàn á bá di èébú. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ni pé ọ̀rọ̀ méjì lẹ ń lọ̀ pọ̀ lórí ọlọ kan. Ẹ̀bùn ọmọ náà lọ́tọ̀, ìwà rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀rí tí a fi ń mọ èkíní kọ́ la fi ń mọ èkejì. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rí ọ̀kan lọ síbi ẹjọ́ èkejì á ṣìnà, ì báà fẹ́ràn ọmọ náà, ì báà kórìíra rẹ̀.

Ẹ̀bùn ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká fi í ṣáájú. Nínú bọ́ọ̀lù yìí, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èèyàn 11 tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, ó tún ní 11 mìíràn tó ń dènà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ kejì, àwọn tó ń gbé e lọ á jáde lọ mumi, àwọn adènà á wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Òfin kì í jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ èèyàn bó ṣe wù wọ́n, torí náà ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lọ náà ló ń padà wá dènà. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni òfin pípààrọ̀ láìníye fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì, àwọn oníṣẹ́ méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Chuck Bednarik, tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì nígbà tí Philadelphia Eagles gba ife ní 1960, wà lára àwọn tó kẹ́yìn wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún adènà tó mọṣẹ́ jù ní yunifásítì lọ́dọọdún. Charles Woodson ti Michigan, tó gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní 1997, adènà ni ní pàtàkì. Ó kàn ń yọ́ lọ síwájú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Hunter kò yọ́ lọ. Ní yunifásítì Colorado lọ́dún 2024, nínú ìdíje 13, iye eré kúkurú tó ti wà lórí pápá lé ní 1,400, torí eré yìí máa ń dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, léraléra. Bọ́ọ̀lù 96 ló gbà, yáàdì 1,258, touchdown 15, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ ìpẹ̀kun pápá alátakò. Nígbà tó ń dènà, ó já bọ́ọ̀lù mẹ́rin gbà lọ́wọ́ àwọn alátakò, ó sì gbá 11 dànù kó tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n jù ú sí. Ẹni tó ń lé eku méjì ló sábà ń pòfo, àmọ́ lọ́dún yẹn ó gba àmì-ẹ̀yẹ Biletnikoff ti ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbà jù, ó tún gba ti Bednarik. Kò sẹ́ni tó gba méjèèjì rí ṣáájú rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí èyí ṣe wúwo tó, ẹ mọ iṣẹ́ méjèèjì. Wide receiver, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra: wọ́n ti yà á fún un nínú ìwé, ó mọ iye ìṣísẹ̀ tó máa gbé kó tó ṣẹ́rí. Cornerback, adènà tó ń ṣọ́ ọ, kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ló ń fi sáré níbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kúrò ní ìbàdí ẹni tó ń ṣọ́. Orí lè tàn án, èjìká lè tàn án, ṣùgbọ́n ibi tí ìbàdí bá kọ sí, ibẹ̀ ni ara ń lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá yí ìbàdí tirẹ̀ kíákíá jù, tí ẹni yẹn sì gba ọ̀nà kejì, ó ti parí nìyẹn. Ara tó ti rẹ̀ máa ń yí ìbàdí kíákíá jù, torí fífi ẹ̀yìn sáré gba agbára ju fífi iwájú sáré lọ. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wá àárẹ̀, kì í ṣe níbi tó ti ń mí gùlegùle.

Ẹ lọ wo ìdíje Colorado àti Stanford ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọjọ́ yẹn ni Hunter padà sórí pápá lẹ́yìn tó ti fi ìdíje mẹ́ta tọ́jú ara. Bọ́ọ̀lù 13 ló gbà lálẹ́ ọjọ́ náà, yáàdì 140, touchdown méjì. Colorado ń lé wọn 29 sí òdo nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Stanford ló padà borí, 46 sí 43, lẹ́yìn àfikún àkókò ẹ̀ẹ̀mejì. Elic Ayomanor ti Stanford gba yáàdì 294, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ Hunter nìkan ló ti gbà á. Nínú àfikún àkókò àkọ́kọ́, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i. Hunter wà lára rẹ̀, kò sí àyè kankan láàárín wọn, àmọ́ ẹ̀yìn ló kọ sí bọ́ọ̀lù. Ayomanor na ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó mú bọ́ọ̀lù náà mọ́ akoto Hunter títí àwọn méjèèjì fi ṣubú. Touchdown. Ẹni tó kórìíra Hunter máa ń fi fídíò yẹn hàn láti sọ pé kò mọ bí a ṣe ń dènà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀ lásìkò, orí ló pẹ́ kó tó yí. Owó tí iṣẹ́ méjì ń gbà lọ́wọ́ ẹni nìyẹn. Alẹ́ kan náà ló fi ẹ̀bùn náà hàn, tó sì fi ibi tí ẹ̀bùn náà dé hàn, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn dáadáa gbọ́dọ̀ gba méjèèjì.

Ní ti Ashton Jeanty ti Boise State, tó ṣe ipò kejì sí Hunter nínú ìbò Heisman 2024, mi ò rí ìdí tí ẹ fi ń bú ara yín. Yáàdì 2,497 ló ti sá kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ka ìbò Heisman, pẹ̀lú touchdown 29. Hunter gba àmì 2,231, Jeanty gba 2,017. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ẹni tó bá dìbò fún Jeanty kò ṣiwèrè. Èrò tèmi ni pé Hunter ló tọ́ sí, torí pé bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò ní Colorado, èèyàn méjì ni wọ́n máa wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe ka bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó já gbà sí kékeré. Quarterback tó gbọ́n, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ rẹ̀, kì í ju bọ́ọ̀lù sápá ibi tó wà, ibi tí wọn kò bá sì jù sí, èèyàn kò lè já nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́ fúnra yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fídíò kéékèèké tí wọ́n gé fún yín. Ẹ wá ìdíje kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ mú ìwé, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin bí wọ́n ṣe pín eré. Gbogbo ìgbà tó bá wà lórí pápá, ẹ fa ìlà kan. Bí ó bá ń dènà, ẹ kọ ọ́ bóyá ó yí ìbàdí kíákíá jù. Bí wọ́n bá sáré gba apá kejì pápá, ẹ wò ó bóyá ó lé wọn. Bí bọ́ọ̀lù kò bá ní wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó dí àwọn alátakò lọ́nà kí ẹnìkejì rẹ̀ lè kọjá. Kí ẹ wá gbé ìdá àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì tó rìn dípò kó sáré nígbà tí bọ́ọ̀lù wà ní òdìkejì lè máa ṣírò agbára rẹ̀ ni, kó má ṣe jẹ́ ọ̀lẹ rárá. Bó bá rìn nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀, ẹ gbọ́. Ní girama, ìdá kan jẹ́ ìṣẹ́jú 12. Ní yunifásítì, ó jẹ́ 15. Ikọ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ eré bí ìgbà 60 sí 70 nínú ìdíje kan, ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì máa kọjá 100. Èyí tó máa ń bá ọ̀pọ̀ lójijì ni ti àkókò ẹ̀kọ́. Òfin NCAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, kò fàyè gba ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ bọ́ọ̀lù nígbà ìdíje, wọ́n sì ń ka ọjọ́ ìdíje sí wákàtí mẹ́ta. Ó ku 17. Àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù máa ń jókòó nínú yàrá kan láti wo fídíò alátakò, àwọn adènà wà nínú yàrá kejì lákòókò kan náà. Ẹ ò lè wà níbi méjì. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀kan ní iṣẹ́ gan-an, ẹ kọ́ ọ tán kí ẹ tó fi èkejì kún un. Ẹ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá yín sọ iye ìgbà tí ẹ máa ṣe èkejì nínú ìdíje kan. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 10, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 50. Iṣan ẹ̀yìn itan ló kọ́kọ́ máa ń já lára ẹni tó bá kánjú, nítorí sísáré àti dídúró lójijì tó di ìlọ́po méjì. Bó bá sì di pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè ṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Olumuyiwa Fashanu tó ń jẹ́ orúkọ wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe ní Penn State, kó máa dáàbò bo quarterback. Nígbà tí àwọn ikọ̀ bọ́ọ̀lù owó ń yan agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì ní 2024, New York Jets mú un ní ipò 11.

Ọ̀rọ̀ ìwà ló kù, òun ló sì ń dùn mí. Àwọn tó ń fúnni ní Heisman sọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn ń wá ẹni tó tayọ pẹ̀lú ìwà títọ́, nítorí náà kò burú kí ẹ bèèrè. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ ń bèèrè. Reggie Bush, agbábọ́ọ̀lù yunifásítì USC, ní láti fi Heisman 2005 rẹ̀ sílẹ̀ ní 2010 nítorí ọ̀rọ̀ owó, àwọn èèyàn pè é ní oníjìbìtì. Láti 2021, òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ rẹ̀ pawó, wọ́n sì dá àmì-ẹ̀yẹ náà padà fún Bush ní 2024. Ohun tí wọ́n pè ní àbùkù ìwà lọ́jọ́ kan di iṣẹ́ òòjọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ gbé ti Hunter wò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2021, òun ni wọ́n ń wá jù nínú gbogbo ọmọ girama, ó ti fún Florida State ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì yí padà lọ sí Jackson State, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Mississippi. Àwọn kan ní ìgboyà ni, àwọn kan ní ó dalẹ̀. Nígbà tí Deion Sanders kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn 2022, ó tẹ̀ lé e lọ sí Colorado. Àwọn kan tún pè é ní olóòótọ́ sí olùkọ́ rẹ̀, àwọn kan ní ó ja Jackson State jù sílẹ̀. Ohun kan náà, orúkọ méjì. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì dá ẹnikẹ́ni láre.

Ìwà máa ń hàn níbi tí ó bá ti ná èèyàn ní nǹkan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 2023, Henry Blackburn ti Colorado State kọlù ú lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ẹ̀dọ̀ Hunter fàya, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó pe ara wọn ní olólùfẹ́ Hunter ti ń halẹ̀ ikú mọ́ Blackburn àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni Hunter nígbà náà, inú rẹ̀ ń dùn ún, ariwo ayé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ná an ní nǹkan kan bó bá dákẹ́. Ó jáde sọ pé bọ́ọ̀lù ni, pé òun ti dárí jì í. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì jọ lọ ṣeré bowling. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwà rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ti ìwé rẹ̀ kún un: ó wà lára àwọn tí wọ́n fi sí Academic All-America, àkójọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀wé, nínú ọdún tí iṣẹ́ méjì ń gbà gbogbo àkókò rẹ̀.

Ní ti fídíò ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí ẹ fi ń wo bóyá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà náà, tètè dìde tàbí ó pẹ́ jókòó nígbà tí wọ́n pe orúkọ Hunter lọ́jọ́ Heisman, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, ẹjọ́ yìí gan-an, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkankan. Ọ̀rọ̀ ilé wọn ni, kì í ṣe ti pápá. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ń kọ ọ̀rọ̀ nípa obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè kà síta níwájú ìyá wọn.

Jacksonville Jaguars, ikọ̀ bọ́ọ̀lù owó, ṣe pàṣípààrọ̀ ńlá, wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀tọ́ wọn láti yan agbábọ́ọ̀lù ní ìpele àkọ́kọ́ ọdún 2026 kún un, kí wọ́n tó rí i mú ní ipò kejì ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹ̀yin ará Peckham, ó dé ọ̀dọ̀ yín ní Wembley lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn: bọ́ọ̀lù mẹ́jọ, yáàdì 101, àti touchdown rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú bọ́ọ̀lù owó. Kí oṣù náà tó parí, orúnkún rẹ̀ ṣèṣe níbi ìgbáradì, láìsí ẹni tó kọlù ú, wọ́n sì ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn kan nínú yín ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ méjì ló fa á. Kò sí ẹni tó lè fi ìpalára kan ṣoṣo mọ ìyẹn. Orúnkún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo náà ń já lọ́dọọdún. Ẹ wo ìdíje mẹ́wàá tó bá gbá lẹ́yìn ìtọ́jú náà, ẹ fa ìlà yín lápá méjèèjì, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ yí kíákíá jù nínú ìdá kẹrin. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wò ó.

Èmi ni,
Àgbà yín tó fẹ́ràn yín