Bísí, òkè ti gba bàtà mi

Roseau, Dominica
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn gan-an. Tèmi náà ń dùn mí báyìí, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ti ọjọ́ orí, àfọwọ́fà ni. Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí itan mi ò gbà kí n jókòó sórí àga.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí wọ́n kó wa láti iléèwé lọ sí Òkè Ìdànrè, tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí mo ní ẹni tí kò bá ní oko lókè, kí ló ń wá lọ síbẹ̀? Ìwọ lo fà mí lọ́wọ́ gun èyí tó kù nínú àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, o sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi padà dé Àkúrẹ́. Ó dáa. Lánàá, èmi kan náà yọ owó lápò ara mi, mo fi san fún ẹni tó mú mi rin òkè fún wákàtí mẹ́ta ní àlọ nìkan, kí n lè lọ wo omi tó ń hó. Rẹ́rìn-ín tẹ́rùn ná, kó o tó máa kà á lọ.

Kí n tún la ibi tí mo wà yé ọ, nítorí o ní kí n bá ọ kí àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì. Dominican Republic nìyẹn. Dominica ni tèmi, erékùṣù kékeré tó wà láàárín Guadeloupe àti Martinique. Gbogbo èrò ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 70,000 lọ. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, Kwéyòl ni àwọn aláìsàn mi fi ń bú mi tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ dé. Ọjọ́ Àìkú kan ní November 1493 ni Columbus rí erékùṣù náà lórí omi, ló bá fi orúkọ ọjọ́ náà pè é, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ọmọ ní Abọ́sẹ̀dé. Bẹ́ẹ̀ àwọn Kalinago tó ni ilẹ̀ ti ń pè é ní Waitukubuli tipẹ́, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ ga. Ẹni tí itan ń ro bíi tèmi á mọ̀ pé àwọn Kalinago ló mọ orúkọ í sọ.

Láti Laudat, abúlé kan lókè Roseau, la ti gbéra lówùúrọ̀: èmi, nọ́ọ̀sì méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́, àti bàbá tó ń mú wa lọ. Bàbá yẹn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ wọn sì ń fò bíi ti ewúrẹ́. Mo rí i pé wọ́n di ẹyin tútù mẹ́rin sínú aṣọ inura. Mo bi wọ́n pé kí lẹyin tútù fẹ́ ṣe nínú igbó. Wọ́n ní kí n ní sùúrù.

Igbó náà tutù, ó ṣú, ó sì ń kán tótó. Igi ni wọ́n tò sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, àwọn kan ga tó orúnkún, ẹrẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ọmu tí à ń rí létí odò nílé, tí kì í ju ìbàdí lọ, ní ibí yìí ó nígi nídìí, ó ga ju òrùlé lọ. Ẹyẹ kan wà tó ń súfèé nínú kùrukùru, a ò rí i, ó kàn ń fà á gùn bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ilẹ̀ lèmi ń wò ní tèmi, nítorí ejò. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ejò olóró kankan ní Dominica. Erè kan wà tí wọ́n ń pè ní tête-chien, orí ajá, ṣùgbọ́n òun náà ò ní oró. Mo ní erè tí ò ní oró, erè náà ni.

Níbì kan, wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí kùkùté igi ńlá. Ìjì líle tí wọ́n pè ní Maria ló dá a, ní oṣù September 2017. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo òkè tó ń tutù yọ̀yọ̀ yìí ti pọ́n rúsúrúsú, kò ku ewé lórí igi, bí ẹni pé iná jó o. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé odò tí wọ́n ń pè ní Breakfast River. Ibẹ̀ la ti jẹ búrẹ́dì, tá a bu omi sínú ike.

Lẹ́yìn odò yẹn ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Òkè Morne Nicholls fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń gba fìlà. A rí òkun lápá kan. Lápá kejì, èéfín funfun kan ń rú láàárín igbó bí ìgbà tí wọ́n ń dáná ìyàwó. Bàbá ní ibẹ̀ là ń lọ. Mo ní kí wọ́n má ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀nà tá a bá sọ̀ kalẹ̀ ló já sí Valley of Desolation. Bísí, igbó tán pátápátá. Òkúta funfun, òkúta pupa, omi dúdú ń ṣàn níhìn-ín, omi bíi wàrà ń ṣàn lọ́hùn-ún, ilẹ̀ sì ń hó gùdùgùdù. Òórùn tó kọlù mí nímú, mo mọ̀ ọ́n: imí ọjọ́ tí ìyá àgbà máa ń pò mọ́ àdí tí ara bá ń yún wa! Ó ya mí lẹ́nu tí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá èéfín ni tàbí ìyá àgbà. Bàbá ní ibi tí àwọn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ni kí a gbé tiwa sí. Wọ́n so ẹyin mọ́nú aṣọ, wọ́n fi ọ̀pá rì í sínú ihò kan tó ń hó. Kò pẹ́ tó fi jinná. Èèpo rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, inú rẹ̀ funfun báláú. Iyọ̀ nìkan ló kù ú kù.

Ibẹ̀ náà ni bàtà mi ti kọ̀. Ooru ilẹ̀ yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tọ̀tún ṣí, ó ń la ẹnu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Bàbá yọ okùn lápò, wọ́n dì í mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi kọ́ ni àkọ́kọ́ tí àwọn máa dì.

Bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ dé etí Boiling Lake nìyẹn. Mi ò rí nǹkan kan. Ooru funfun bò ó mọ́lẹ̀, híhó rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Kò sí irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà, kò sí ẹni tó ń ta omi tútù. Ká ní nílé ni, wọn ì bá ti gbé sípíkà síbẹ̀. Wọ́n ní ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 60 mítà, wọ́n ní iná inú ilẹ̀ ló ń ti gáàsì gbígbóná gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n ní ní òpin 2004 omi náà fà lọ, kó tó tún padà kún lọ́dún kejì. Èmi ń dá wọn lóhùn "bẹ́ẹ̀ ni, sà", ojú mi ò kúrò lára ooru yẹn. Afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lójijì, ó ká aṣọ náà sókè. Omi náà rí bí omi tí a fi búlù sí láti ṣan aṣọ funfun, àárín rẹ̀ sì ń ru bí ìkòkò tó ń dúró de èlùbọ́. Kó tó tó kí n ka ogún, ó ti padà bò. Ìyẹn náà ni mo rí.

Nígbà tá a ń bọ̀, òjò dé. Lórí àtẹ̀gùn onígi tó ga jù, itan mi kọ̀, mo jókòó. Àwọn tó kù ti ṣíwájú. Mo ṣáà ń retí kí ẹnì kan fà mí lọ́wọ́ kó sì pè mí ní ọ̀lẹ. Òjò nìkan ló dáhùn, mo bá pe ara mi ní ọ̀lẹ, mo dìde.

Bàtà náà wà lójú fèrèsé, òórùn imí ọjọ́ ò kúrò lára rẹ̀. Mi ò ní jù ú nù. Màá gbé e bọ̀ wálé ní December. Jọ̀ọ́, bá mi bi bàbá tó ń tún bàtà ṣe lọ́nà Ọjà Ọba bóyá wọ́n lè rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Òwú ni kí wọ́n fi rán an o, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sì dá owó lé e kí n tó dé, torí bí wọ́n bá rí i pé òkè òkun ni mo ti ń bọ̀, o mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Èmi ni,
Fúnkẹ́ rẹ