Ẹni tí ó bá ra ìlà pọ́ọ́kú ni yóò ṣe akọ̀wé ara rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nínú ẹ̀dà ìwé ìròyìn yín kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, òǹkàwé kan kìlọ̀ fún àwọn tí ó ń múra àtilọ sí Amẹ́ríkà pé kí wọ́n sá fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn kì í sì í fún ènìyàn ní síìmù tí ó ṣeé fọwọ́ mú, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, ohun tí ojú kò bá rí, ẹ̀tàn ni. Houston ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, mo sì ti ń lo irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n dá a lóhùn, nítorí pé ewu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí ó nàka sí.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìpè àti dátà ń gbà: AT&T, Verizon àti T-Mobile. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ yòókù tí ẹ ń gbọ́, alágbàtà ni wọ́n. Wọ́n ń ra ààyè lọ́pọ̀ lórí òpó àwọn ńlá wọ̀nyí, wọ́n sì ń bù ú tà. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọmọ inú ilé. Verizon ni ó ni Visible, AT&T ni ó ni Cricket, T-Mobile sì parí rírà ilé-iṣẹ́ tí ó ni Mint Mobile ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ohùn ẹni tí ó ń sanwó gọbọi àti ohùn ẹni tí ó ń sanwó díẹ̀, òpó kan náà ni wọ́n ń gbà kọjá. Ìyá tí ó ń ta gààrí ní ojúde wa kò ní oko ẹ̀gẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì torí ìyẹn sọ pé ayédèrú ni gààrí rẹ̀.

Owó àwọn alágbàtà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kéré nítorí pé wọn kò háyà ilé ìtajà, wọn kò gba òṣìṣẹ́ tí yóò jókòó sí kọ́ńtà, wọn kì í sì í tajà àwìn. Ẹ ó kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó lò ó. Bí owó bá tán, ìlà yóò dákẹ́, gbèsè kò sì ní sí láàárín yín. Àwa tí a ti fi owó ẹyọ họ ẹ̀yìn káàdì ìpè ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ kí àsansílẹ̀ ṣàjèjì sí wa rárá, síbẹ̀ bí a bá ti dé òkè òkun báyìí ni a máa ń ti ọrùn bọ àdéhùn olóṣooṣù, nítorí pé wọ́n ní àwọn yóò fún wa ní fóònù tuntun, fóònù tí a ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Dọ́là 85 ni mò ń san lóṣooṣù lórí ìlà kan ṣoṣo. Lónìí, dọ́là 120 ni mo ń san lẹ́ẹ̀kan fún oṣù mẹ́fà, èyí tí ó jẹ́ 20 lóṣù, ohun tí ó sì ń ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ lọ́dún jẹ́ dọ́là 780. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mò ń lò, nítorí pé n kì í ṣe alápolówó wọn, àti nítorí pé mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò nípa wọn láìpẹ́.

Ní ti eSIM, ìyẹn síìmù tí òǹkàwé yín ní kò ṣeé fọwọ́ mú, kì í ṣe pé kò sí síìmù nínú fóònù. Ó wà níbẹ̀. Ègé bíńtín kan ni, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EID, tí ó gùn tó òǹkà 32. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìlà ń fi ránṣẹ́ ni ìwé àṣẹ yín, tí fóònù yóò fà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà nípa yíya àmì QR tàbí láti inú áàpù wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù òun lè gbà á, kí ó tẹ *#06#. Bí ó bá rí EID pẹ̀lú IMEI, tí í ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé ó lè gbà á. Láti orí iPhone 14, tí ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn iPhone tuntun tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò síìmù mọ́ rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó ní òun kò fẹ́ eSIM lè má ní ibi tí yóò ti kọ̀ ọ́. Òǹkàwé yín bẹ̀rù ohun tí a kò lè fọwọ́ mú; kí ó rántí pé olè náà kò lè fọwọ́ mú un. Ní Èkó, ohun tí olè máa ń sáré ṣe bí ó bá já fóònù gbà ni kí ó yọ síìmù, kí ó kì í bọ inú fóònù mìíràn, kí ó sì fi kóòdù báńkì gbá àkáǹtì olówó nù. eSIM kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ ni pé alágbàtà kì í jókòó sí iwájú. Nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí òpó kan, àwọn oníbàárà tí ó ń sanwó ńlá ni àwọn onílé máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn, kí ó tó kan ọ̀pọ̀ nínú àwa olówó kékeré. Mo ti dúró ní pápá ìṣeré NRG ní Houston níbí ní àkókò Rodeo, àríyá ńlá àwọn darandaran, tí àwòrán kan ṣoṣo kò lè kúrò lórí fóònù mi, tí ẹni tí ó jókòó tì mí sì ń wo fídíò tirẹ̀ láìdíwọ́. Bí mo bá rántí dọ́là 780, inú mi a rọ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní tóbi ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl jà wọ Texas, ó wó igi, ó sì mú iná mànàmáná lọ ní ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì, àwọn mìíràn kò sì rí iná fún ọjọ́ púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú gáréèjì, fóònù mi já sínú omi ó sì kú. Ká ní síìmù àtijọ́ ni, ǹ bá yọ ọ́, ǹ bá nù ún mọ́ aṣọ, ǹ bá kì í bọ fóònù àlòkù tí ọmọ mi pa tì sínú dúrọ́ọ̀, ìṣẹ́jú kan kò ní tó o. Ṣùgbọ́n eSIM bá fóònù lọ. Àtifa òmíràn wọlé gba Wi-Fi, Wi-Fi ilé mi sì bá iná lọ. Mo wa ọkọ̀ lọ sí Alief, lọ́dọ̀ ọmọ ìlú mi kan tí ó ní jẹnẹrétọ̀ (bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn ìjì ní Houston, ẹ tẹ́tí sí ìró), mo sì wọ ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà àṣírí tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Níbo ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí? Sórí ìlà tí ó kú náà ni.

Mo bá wọn tàkúrọ̀sọ lórí ìkànnì fún wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá mi lóhùn kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni, ìbéèrè kan náà ni ó sì ń bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ènìyàn dé, ó bèèrè PIN àkáǹtì mi, èyí tí mo ti yàn ní ọdún méjì ṣáájú tí n kò sì kọ sílẹ̀ níbì kankan àfi inú fóònù tí ó rì sómi. Bí kì í bá ṣe pé ìwé ẹ̀rí ìsanwó kan wà nínú ímeèlì mi, tí nọ́ńbà àkáǹtì mi wà lórí rẹ̀, n kò mọ ìgbà tí ǹ bá padà bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo lè rìn wọ̀, kò sí ọ̀gá tí mo lè pè jáde. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí, Olóòtú. Owó tí a kò san fún akọ̀wé, iṣẹ́ akọ̀wé náà ti di tiwa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì, PIN àti EID fóònù mi sínú ìwé tí mo tọ́jú pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, mo sì ti pàṣẹ pé ímeèlì ni kí wọ́n máa fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí. Mo sì máa ń sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kó nọ́ńbà rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ńlá wá sí ọ̀dọ̀ alágbàtà pé kò gbọdọ̀ fagi lé ìlà àtijọ́ ṣáájú. Kí ó gba nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ àti PIN ìkónọ́ńbà lọ́wọ́ wọn, kí ó jẹ́ kí ìlà tuntun fà á kúrò fúnra rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tí a bá ti pa lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ títí láé. Fóònù tí ẹ kò tíì san owó rẹ̀ tán ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, ẹ kò sì lè gbé e lọ síbì kankan.

Fún àwọn òbí tí ó ń wá tọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìlà àsansílẹ̀ gan-an ni ó yẹ wọ́n, nítorí pé kò béèrè nọ́ńbà Social Security, tí í ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, tàbí ìtàn gbèsè. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí ó ránṣẹ́ pè wọ́n kọ́kọ́ wo irú fóònù tí màmá ń gbé bọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G wọn ní ọdún 2022, ìpè sì ti di ohun tí ó ń gba orí 4G kọjá; ọ̀pọ̀ fóònù tí a rà nílé ni yóò gbé dátà, ṣùgbọ́n tí kò ní lè pe ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó ku ìlà ilé, òun ni ó sì ń dùn mí jù. Nọ́ńbà Nàìjíríà wa ni a fi so NIN, òun ni a fi so BVN, òun ni báńkì ń fi OTP ránṣẹ́ sí. Fóònù tuntun tí kò ní ojú ihò kò lè gba síìmù tí a gbé ti ilé wá, nítorí náà a máa ń kì í bọ inú fóònù kékeré kan, a ó jù ú sínú àpótí, bátìrì rẹ̀ yóò kú, a ó sì gbàgbé. Òfin NCC, àjọ tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ni pé bí ọjọ́ 180 bá kọjá tí owó kankan kò wọlé lórí ìlà kan, ilé-iṣẹ́ lè tì í, bí ọjọ́ 180 mìíràn bá sì tún kọjá, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀rẹ́ mi kan pe nọ́ńbà ara rẹ̀ láìpẹ́ yìí, obìnrin kan ni ó gbé e, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.

Láti ọdún 2020 ni NCC ti fọwọ́ sí i pé kí MTN àti 9mobile dán eSIM wò, Airtel náà sì ti ń ṣe é. Fóònù mi lè gbé ìlà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti Amẹ́ríkà àti ti ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìlà mi nílé bóyá wọ́n lè sọ síìmù mi di eSIM láti ibi tí mo wà, èsì wọn ni pé àfi kí n fi ẹsẹ̀ ara mi dé ọ́fíìsì. Alágbàtà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní gbogbo Amẹ́ríkà fi ìlà ránṣẹ́ sí mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní NIN mi, àwòrán ojú mi àti ìtẹ̀ka mi lọ́wọ́ ní òun kò mọ̀ mí. NCC tí ó ti ń fún irú àwọn alágbàtà bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ nílé láti ọdún 2023, ó yẹ kí ó bi àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá léèrè ohun tí ó dé.

Kí ẹni tí ó ṣì wà nílé, tí ó ti gba físà, lọ sọ síìmù rẹ̀ di eSIM kí ó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún lílò lókè òkun. Ní tèmi, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ọ́fíìsì wọn ni mo máa kọ́kọ́ lọ tò sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Houston, Texas