Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó-orí

Iléṣà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara ìyá rẹ ti le, a sì ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo gbọ́ pé wọ́n mú ìwé owó-orí wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ ní Sábó, o sì fà á ya lójú àwọn oníbàárà. Láti ìgbà náà ni o kò ti gbé fóònù mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà ti ṣọ́ọ̀bù náà pa pẹ̀lú aṣọ oníaṣọ nínú.

Mo mọ̀ pé wàá ní ìwọ lo gbẹ́ kànga, ìwọ lò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ sì ń dáwó fún ọdẹ àdúgbò. Òótọ́ ni, ó sì ń dun èmi náà. Owó ilé-ìwé, àjọ àti ìdámẹ́wàá, o ń rí ẹni tó ń gbà á. Kódà aṣọ ẹbí tó gbé èrè oṣù kan mì, o kò ráhùn. Owó-orí nìkan ló ń dàbí ẹni pé ilẹ̀ ló ń gbé e mì. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà náà fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó tó wúwo àti ọ̀nà tí kò dára, ṣùgbọ́n wọ́n sọ iye tí agbára wọn ká, ìjọba sì dín in kù ní 1969. Ìwọ kò tíì ṣírò tìrẹ rárá! Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2026 kò bu owó-orí lé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, ó sì gbà kí o yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ò ń san kúrò kí wọ́n tó ṣírò, ṣùgbọ́n iye tí o máa yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ. Ó ṣeé ṣe kí o má jẹ kọ́bọ̀, síbẹ̀ o ń sá.

Ọmọ òṣómàálò ni ọ́. Bàbá mi máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ìlẹ̀kùn títì kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé èébú tí mo ń bú àwọn agbowó-orí lẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi nílé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ẹ̀rù ṣọ́ọ̀bù yẹn kò kúrò lára mi. Má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì. Kó ìwé owó ilé àti ìwé ọjà títà rẹ wá ní Sátidé, ká jọ ṣírò rẹ̀, kí o lè fi ìṣirò ọdún ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Kí o sì gbé fóònù mi lónìí.

Èmi ni, bàbá rẹ.