Lẹ́tà láti etí igbó Oban

Bọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Manchester ò tíì pa ẹ́? Mo ṣì wà ní Cross River níbí, lẹ́nu iṣẹ́ títì tí mo sọ fún ẹ.

Ní Sátidé, mo lọ fọ bàtà létí odò. Nǹkan kan fò kọjá lójú mi, mo ṣe bí ẹyẹ ni. Ló bá bà sórí iyanrìn tútù, ó ń fa omi mu. Àṣé labalábá ni! Ìyẹ́ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n bí ọsàn, dúdú sì wà lára rẹ̀. Papilio antimachus lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Òun ló tóbi jù nínú labalábá ilẹ̀ Áfíríkà. Tó bá na ìyẹ́ tán, ó lè lé ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Akọ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá mumi, abo kì í sábà kúrò lókè igi. Arẹwà yẹn, oró ló kún ara rẹ̀, oró tó ń da lílù ọkàn rú. Ẹyẹ tó bá gbọ́n kì í dán an wò.

Mo délé tán, mo bá agbọ́n lábẹ́ àtẹ́rígbà mi, àwọn tí ìbàdí wọn tín-ín-rín bí òwú. Ọ̀kan ń fi eyín họ òpó igi, mo ń gbọ́ ọ, kẹrẹkẹrẹ. Ó po igi náà mọ́ itọ́, ó sì tẹ́ ẹ mọ́ ilé wọn, ló bá di bébà. Kòkòrò ajẹwé, èyí tí ì bá di labalábá lọ́la, ni wọ́n ń rún fún àwọn ìdin wọn jẹ. Ìdin náà á wá pọ omi aládùn padà sẹ́nu àgbà. Labalábá ní tirẹ̀, tó bá ti yé ẹyin tán, ó di gbére. Agbọ́n wù mí jù, bí mo tilẹ̀ ń sá fún un.

Onílé fẹ́ fi iná sun wọ́n. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé báyìí.

Bọ̀dé, o rántí ọjọ́ tí agbọ́n ta ẹ́ nídìí máńgòrò, tí ètè rẹ wú bí àkàrà? Èmi ni mo ju òkúta yẹn, kì í ṣe Sùlè. Má bínú.

Èmi ni tìrẹ,
Túndé